Bàtà Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Hadimba

Ẹ kú àsìkò yìí o. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, kò sí àlejò. Bí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn lẹ́yìn, fìríìjì mi ni, ẹ má bínú.

Mo ti dé láti Íńdíà. Manali ni mo lọ, ìlú orí òkè ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, lágbègbè Himalaya. Ó fi nǹkan bí 2,000 mítà ga ju òkun lọ. Àtẹ̀gùn díẹ̀ lèèyàn máa gùn tí àyà á ti máa lù kìkì. Ọjọ́ kejì ni mo rìn láti abúlé Vashisht lọ síbi omi Jogini, tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Àwọn ìyá àgbà tó di koríko sẹ́yìn ń kọjá lára mi bí ẹni ń lọ sọ́jà. Èmi tí mo ń sanwó jíìmù lóṣooṣù ní Lọ́ńdọ̀nù! Nígbà tí mo padà, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tó ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì Vashisht. Ìkọ̀gọ̀sì ló sọ sí mi lọ́kàn, àfi pé tibí ń rùn bí imí ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hadimba, òrìṣà obìnrin kan ní Manali, ló gbé mi wá. Inú igbó kédárì ni tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà. Ọba Bahadur Singh ló kọ́ ọ ní 1553. Òrùlé rẹ̀ gun orí ara wọn, ìwo ẹran sì wà lára ògiri. Nínú Mahabharata, ìtàn àtayébáyé àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ìran àǹjọ̀nú ni Hadimba. Bhima, akọni kan nínú ìtàn náà, pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó wá fi òun ṣaya. Ẹ wo irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀! Síbẹ̀, ìyá àgbà ni ìdílé ọba àfonífojì Kullu ń pè é. Nígbà ọdún Dussehra, wọ́n á gbé àwọn òrìṣà àfonífojì náà lé èjìká lọ sí Kullu, ọdún ò sì ní bẹ̀rẹ̀ bí ìyá àgbà ò bá tíì dé.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó bọ́ bàtà. Ọmọ Kérúbù ni mí, wọn kì í kọ́ wa nìyẹn. Ilẹ̀ tutù rinrin. Ẹnu ọ̀nà ò ga, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé. Àpáta ńlá kan ló wà nínú; wọ́n ní ojú ẹsẹ̀ òrìṣà wà níbẹ̀. Àlùfáà fi nǹkan pupa kàn mí níwájú orí, ó da ṣúgà wóró wóró sí mi lọ́wọ́. Mo dà á sẹ́nu.

Mo jáde, mo dé abẹ́ igi tí wọ́n ti ń bọ Ghatotkacha, ọmọ rẹ̀. Irin ẹlẹ́nu mẹ́ta wà nídìí igi, ìwo wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ̀ láti kúrò.

Ọlọ́ṣun ni ìyá tó bí màmá mi, ní Òṣogbo. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí a lọ kí wọn. Inú mọ́tò ni màmá mi ti kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu níbẹ̀. Ìyá àgbà bu omi fún mi nínú igbá. Mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Irọ́ ni. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé omi náà mu fúnra wọn. N kò tún fojú kàn wọ́n mọ́ títí wọ́n fi kú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá mi. Kíá ni wọ́n pè.

"Kí ló wà níwájú orí rẹ yẹn?"

Mo ṣàlàyé.

"O sì jẹ nǹkan wọn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Omi ẹ̀rọ ni," ni wọ́n wá sọ. "Omi inú igbá ọjọ́sí yẹn. Ojú mi ni wọ́n ṣe bù ú."