Kí A Tó Mú Ẹni Tó Da Pàǹtírí Sódò

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pè mí, mo kí yín o. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè fi àánú jà fún ìlú àti àyíká rẹ̀. Mi ò ní rìn jìnnà. Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ni mo máa mú.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Omíyalé ni àwọn òbí wa ń pe òjò ọjọ́ náà títí dòní. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011: afárá já káàkiri ìgboro, ẹ̀mí tó lọ sí i sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí, ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí àgbàrá Ìbàdàn.

Kí la máa ń sọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀? "Àwọn tó ń da pàǹtírí sódò ló fà á." Irọ́ kọ́ o. Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà nìkan tó láti dí ojú gọ́tà pa. Àmọ́ àwọn tó kọ́lé sí bèbè odò ńkọ́? Ta ló buwọ́ lu ìwé ilé wọn? A kì í sábà bèèrè ìyẹn, torí ẹni tó gbé abọ́ ìdọ̀tí lórí ló rọrùn láti mú.

Àwọn àgbà tó wà níbí rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ lágbo ilé, kíá ni wọn á da omi àmù tó ní tanwíji nù. Tó bá lọ tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìbẹ̀rù ló fọ àmù yẹn, mi ò sì rí ohun tí ìbẹ̀rù fọ̀ tó pẹ́ ní mímọ́.

Ẹ wọ inú Bẹẹrẹ tàbí Ọjẹ́ lọ wò. Agbo ilé fún mọ́ra, ọ̀nà àárín wọn kò gba ju ẹni méjì lọ. Ọkọ̀ akólẹ̀kódọ̀tí kò lè dé ibẹ̀, ààtàn ìjọba sì wà lọ́hùn-ún, ní Awótán àti Àjàkánga. Òjò wá ṣú lálẹ́, àpò ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan ń rùn lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ń sùn nínú yàrá. Bí ẹ bá bá ìyá náà wí, ohun tó máa bi yín ni pé: "Ó dáa, ẹ wá fi ibi tí n ó dà á sí hàn mí." Ẹni tí kò bá ní èsì, kó rọra sọ gbohùngbohùn rẹ̀ kalẹ̀.

Ní Kẹ́ńyà, Wangari Maathai bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ agbingi tó ń jẹ́ Green Belt Movement ní 1977. Ọ̀mọ̀wé yunifásítì ni. Ì bá lọ bú àwọn obìnrin abúlé pé wọ́n ń gégi jù. Ó kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn ná: odò ń gbẹ, igi ìdáná ti jìnnà, oúnjẹ ò tó. Ló bá ní kí wọ́n máa gbin igi, owó díẹ̀ sì wà fún èyí tó bá yè. Ẹ má fojú fo owó yẹn o! Kò ní kí ẹni tébi ń pa wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Igi náà lé ní 30 mílíọ̀nù.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Obìnrin kan náà ló dìde ní 1989 nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park ní Nàìróbì. Wọ́n bú u nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò yẹsẹ̀, ilé náà ò sì dìde. Ó fetí sí aláìní, ó sì kojú alágbára.

Tiwa ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ àwọn agbo ilé tí ọkọ̀ kò lè wọ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá alága káńsù. Ọmọlanke ni kí ẹ bèèrè, pẹ̀lú ẹni tí wọn á máa sanwó fún láti tì í. Kí ẹ mú àwọn ìyá náà dání, torí àwọn ló mọ ibi tí ọmọlanke lè gbà.