Scale wo ni kí n lò nínú blues? Ẹ wo okùn kẹta

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin onígìtá. Ẹ ti bi mí títí pé scale wo, ìyẹn àtòjọ ohùn orin, ni mo fi ń ta sólò blues. Ẹ wo ọwọ́ mi. Kíì A la wà, A ni ilé orin wa, kọ́ọ̀dù (ohùn tí a ń ta pọ̀) mẹ́ta: A7, D7, E7, lórí bar 12, ìyẹn ìwọ̀n ìlù méjìlá tó ń yípo. Ẹ mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ìka ìfábẹ̀lá ní fret 5, àlàfo karùn-ún láàárín àwọn irin ọrùn gìtá. A minor pentatonic, scale olóhùn márùn-ún: A, C, D, E, G. Ẹ fi E flat kún un, okùn karùn-ún (èyí tó tín-ínrín jù ni okùn kìíní), fret 6, ó di blues scale. Ẹ má jókòó lórí E flat o, ẹ gba orí rẹ̀ kọjá ni.

Ó yá, okùn kẹta. Fret 5, C nìyẹn. Fret 6, C sharp. Bí A7 bá ń dún, ẹ ta C, kí ìka àárín já lu C sharp láìtún okùn ta. Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ n tún un ṣe. Háà, ó dùn! Torí C sharp wà nínú A7. Ṣùgbọ́n bí bass bá ti bọ́ sí D7, ẹ tètè fi í sílẹ̀. D, F sharp, A, C ló wà níbẹ̀. C ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹni tó béèrè Mixolydian, scale olóhùn méje tó ní C sharp nínú, ó bá A7 mu dáadáa, àmọ́ kọ́kọ́ mọ C àti C sharp yìí ná. Major pentatonic ńkọ́, olóhùn márùn-ún tó ní C sharp dípò C? Ẹ fa ìrísí ọwọ́ kan náà sẹ́yìn fret mẹ́ta. Lókùn kẹfà, ìka ọmọńdinrin ló wá wà lórí A, ẹ má gbàgbé. B.B. King, onígìtá blues, ọmọ Mississippi ní Amẹ́ríkà, a máa da major àti minor pọ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni kéèyàn máa sáré gun scale bí àkàbà, láìmí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sinmi.

Okùn kìíní, fret 8: ẹ ti C sókè díẹ̀, kó má tíì dé C sharp, bí onígángan ṣe ń fún ọsán lábẹ́ apá. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sunkún.

Ó yá, mo fẹ́ ta á yípo. A7, C wọ C sharp... D7, mo ti fi í sílẹ̀... A7, ó ti padà... E7, mo dúró lórí E... D7, C... ó délé: C, C sharp, A.