Gwinnett: Ẹ Wo Oṣù Tí Wọ́n Pe Ìbò Sí

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Tí àwọn tó ń tú ọ̀rọ̀ òṣèlú palẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n bá ti dárúkọ Gwinnett, káúńtì ńlá (bí ìjọba ìbílẹ̀) tó wà lẹ́yìn odi Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà yìí, ẹgbẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ni wọ́n máa ń wádìí. Ní tèmi o, oṣù tí wọ́n pe ìbò sí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí Jimmy Carter, ọmọ Georgia, borí níbẹ̀ lọ́dún 1976, ogójì ọdún gbáko ló kọjá kí Democrat mìíràn tó tún mú Gwinnett nínú ìbò ààrẹ: Hillary Clinton, lọ́dún 2016. Lọ́dún 1990, nínú èèyàn mẹ́wàá ní Gwinnett, bí mẹ́sàn-án ló jẹ́ aláwọ̀ funfun. Nígbà ìkànìyàn 2020, àwọn ará ibẹ̀ ti di 957,062, aláwọ̀ funfun ò sì ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, Joe Biden fi ìbò tó lé ní 70,000 ta Donald Trump yọ ní Gwinnett nìkan. Bẹ́ẹ̀, ìbò 11,779 péré ló fi mú gbogbo Georgia. Kí ìbò 2018 tó dé, Republican ni gbogbo àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso káúńtì. Nígbà tí ìbò 2020 fi parí, Democrat ni àwọn márààrún.

Àwọn kan wá ń pariwo kiri pé ó ti parí, Gwinnett ti bọ́ sápò Democrat. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú gan-an, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á jókòó sílé lọ́jọ́ ìbò kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wo ti MARTA, iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin Atlanta. Lọ́dún 2018, ìgbìmọ̀ káúńtì bá wọn ṣàdéhùn pé Gwinnett á dara pọ̀, àwọn ará ìlú á sì máa san sẹ́ǹtì kan sí i lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi rajà. Aráàlú ló máa fọwọ́ sí i. Wọ́n ì bá gbé e sínú ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí Stacey Abrams àti Brian Kemp ń du ipò gómìnà, tí gbogbo èèyàn ti wà lórí ìlà. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 2019 ni wọ́n mú. Ẹni tó bá sì gba ìwé ìbò náà lọ́wọ́, á rí i pé kò dárúkọ ọkọ̀ ojú irin, kò dárúkọ owó orí. Ohun tó béèrè ni pé ṣé kí àdéhùn tí káúńtì ṣe lórí ètò ìrìnnà fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó jáde ò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló borí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n gbé ètò ọkọ̀ mìíràn wá lọ́jọ́ ìbò ààrẹ. Òun náà ṣubú, àmọ́ bí ìbò 1,000 péré ló fi ṣubú, nínú ohun tó ju 390,000 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aráàlú kórìíra bọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí i?

Ibí yìí ni arákùnrin kan ti nàwọ́ sókè. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́dún 2024, oṣù Kọkànlá náà ni, ìbò ààrẹ náà ni, èrò sì tú yáyá jáde. Ṣebí wọ́n tún ní àwọn ò fẹ́ ètò ọkọ̀?”

Òótọ́ ni, ìbéèrè náà sì gba ìdáhùn gidi. Kamala Harris borí dáadáa ní Gwinnett lọ́jọ́ yẹn, ètò ọkọ̀ sì ṣubú lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ni pé àwọn kan tẹ Harris, wọ́n sì tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ìwé ìbò kan ṣoṣo. Ẹni tó ní ilé, tó ní mọ́tò méjì níwájú ilé, owó orí ń dùn ún bó ti wù kó fẹ́ràn Democrat tó. Nítorí náà, èrò tó pọ̀ ò túmọ̀ sí pé ohun tí èmi tàbí ìwọ fẹ́ ló máa wọlé. Ó kàn túmọ̀ sí pé aráàlú ló dáhùn lóòótọ́. Mo lè gba ìdáhùn 2024. Ti 2019 ni mi ò gbà.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Lọ́dún 2018, ìbò 433 péré ni Rob Woodall, Republican, fi borí Carolyn Bourdeaux, Democrat, fún ìjókòó ilé aṣojú ní Washington. Lọ́dún 2020, wọ́n dìbò yan Keybo Taylor, Democrat, sípò ṣẹ́rífù, ẹni tó ń bójú tó àtìmọ́lé káúńtì. Bó ṣe gorí àga ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó fòpin sí 287(g), àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi ń wádìí ìwé ìgbélùú àwọn tó bá wọ àtìmọ́lé náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí tí ìwé wọn ò tíì pé, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ti ilé ìwé ló kù. Ìbò 2020 yí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ Gwinnett padà, Democrat di púpọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2022, àwọn aṣòfin Georgia yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò nínú ìbò ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì gbé e láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ò rántí pé ìbò kankan wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà nílé ìwé Gwinnett, oṣù Karùn-ún ni kó jáde.