"Báwo lọjà?": Ohun tí atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò ń wọ̀n

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kan sọ ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó o.

Bí ìyá kan bá ti ọjà Bódìjà dé, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ bi í ni, "Báwo lọjà?" Bó bá ní ọjà ti gbówó lórí, kì í ṣe pé ó ti yí gbogbo ìsọ̀ ká. Ata, ẹ̀wà àti gààrí tó rà ló ń sọ. Ẹni tó lọ ra màlúù lọ́jọ́ kan náà lè mú ìròyìn mìíràn bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò, tí a mọ̀ sí ọjà ṣíà, ṣe rí: nọ́ńbà kan ni, tó ń sọ bí owó ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ kan lápapọ̀ ṣe ń lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Bó bá ti dáhùn "Báwo lọjà?" tán, ìbéèrè méjì ló kù: kí ló wà nínú agbọ̀n rẹ, kóńgò wo lo sì fi wọ̀n ọ́n?

Ti ilé wa, All-Share Index ti NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà tó wà l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 ní oṣù Kìíní ọdún 1984. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ó kọjá 100,000. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe náírà o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó jẹ́ 100 nígbà yẹn ti di ìlọ́po 1,000.

Ní Amẹ́ríkà, atọ́ka tí wọ́n ń pè ní Dow ti wà láti 1896. Ilé-iṣẹ́ 12 ló fi bẹ̀rẹ̀, 30 ló wà níbẹ̀ báyìí. S&P 500 di ti ilé-iṣẹ́ 500 ní 1957. Nasdaq Composite dé ní 1971, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì wúwo jù nínú agbọ̀n tirẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù ni FTSE 100.

Kóńgò gan-an ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ méjì péré ló wà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ní ṣíà 1,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦1,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Èkejì ní ṣíà mílíọ̀nù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦10. Mílíọ̀nù mẹ́wàá nìyẹn. Bí ti àkọ́kọ́ bá di ₦1,100, ẹni tó ń ro iye owó ṣíà kan ṣoṣo láti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀, bí Dow ti ń ṣe, á ní ọjà ti fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ẹni tó ń wo bí ilé-iṣẹ́ ṣe tóbi tó, bíi S&P 500 àti All-Share wa, á ní kò tó ìdá kan. Ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì lọ! Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Apple pín ṣíà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Owó ṣíà kan wá di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ náà kò kéré sí i, síbẹ̀ agbára rẹ̀ nínú Dow já wálẹ̀ lójijì. Lójú tèmi, kóńgò Dow ti gbó.

Nǹkan kan tún wà tí All-Share kì í wọ̀n: agbára náírà. Lọ́dún 2023, All-Share fi ohun tó lé ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Lọ́dún yẹn kan náà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦460, ó di nǹkan bíi ₦900 lọ́jà ìjọba. Ẹni tó fi dọ́là ra ṣíà tó sì fẹ́ dá a padà sí dọ́là pàdánù. All-Share kì í ka èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún wa lọ́dọọdún náà mọ́ ọn.

Màmá mi ra ṣíà báńkì kan lọ́dún 2008, nígbà tí atọ́ka wà lókè 66,000, tí gbogbo ènìyàn ń sáré rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009 ó ti já sábẹ́ 20,000. Ọdún 2023 ló tó padà kọjá ibi tó ti ṣubú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, màmá mi pè mí pé, "Ọmọ mi, wọ́n ní ọjà ti padà. Bá mi wo tèmi." Mo wò ó. Báńkì tiwọn kò tíì dé ìdajì iye tí wọ́n rà á. Àwọn mìíràn nínú agbọ̀n ló gbé atọ́ka sókè.