Ta Ló Lá Àlá Òjò Dídì, Níbo Ló sì Sùn sí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. "Mo rí òjò dídì lójú àlá, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Ẹ máa ń bi wá ní ìbéèrè yìí ṣáá. Kí n tó dáhùn, èmi náà á bi yín: ìlú wo lẹ sùn sí? Oṣù wo la wà nígbà tẹ́ ẹ lá a?

Mi ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà onítumọ̀ àlá máa ń wò nìyẹn. Ẹ gbọ́ ti Sheikh Abd al-Ghani al-Nabulsi, ará Damásíkù, tó kú lọ́dún 1731. Òjò dídì kì í ṣe àjèjì sí i, torí ó máa ń bọ́ nílùú rẹ̀ nígbà òtútù. Nínú ìwé ńlá tó kọ lórí àlá, ó ní bí òjò dídì bá bọ́ lásìkò rẹ̀, ìbànújẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, ojú á sì ti ọ̀tá àti onílara. Bó bá bọ́ lásìkò tí kò yẹ ńkọ́? Àìsàn ni, tàbí kí ìrìn àjò forí ṣánpọ́n. Òjò dídì kan náà o!

Àwọn àlùfáà àti wòlíì tiwa máa ń yára sọ pé ìwẹ̀nùmọ́ ni. Wọn ò kúkú jayò pa. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ àdúrà tí Ànábì máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ ìrun, pé kí Ọlọ́hun fi omi, òjò dídì àti yìnyín fọ ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ẹ̀yin Kristẹni náà mọ ti Aísáyà, pé bí ẹ̀ṣẹ̀ tiẹ̀ pupa bí òdòdó, á funfun bí òjò dídì. Ó tún bá àwa Yorùbá lára mu, àwa tá a ń fi omi tútù ṣe ìwúre, tí àlà funfun sì jẹ́ aṣọ Ọbàtálá. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé òkú náà ń tutù.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa oorun rí. Lọ́dún 1958, ní Amẹ́ríkà, Dement àti Wolpert fín omi tútù sára àwọn tó ń sùn, wọ́n wá jí wọn. Ọ̀kan ní eré ìtàgé lòun ń bá wọn ṣe lójú àlá, ni obìnrin kan bá ṣubú lulẹ̀, tí omi ń kán sí i lára. Ó sáré lọ bá a, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí òun náà lẹ́yìn, ó gbójú sókè, àṣé òrùlé ló ń jò! Nínú ìgbà 100 tí wọ́n bá fín omi, ó máa ń wọ inú àlá bí ìgbà 42. Ti ìró tí wọ́n dún sí wọn létí ò ju bíi 9 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọyẹ́ fẹ́ mọ́jú, tí aṣọ ìbora sì ti já bọ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ ti fèrèsé ná.

Ẹni tó wà ní Chicago, tó ń fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì lẹ́nu ọ̀nà kó tó ríbi gbé mọ́tò jáde, bó bá lá a, iṣẹ́ àná ló ń lá. Ará Ìbàdàn tí kò fojú rí i rí ńkọ́? Bá a bá fi òṣùwọ̀n Sheikh wò ó, kò sígbà tó bọ́ sásìkò n'Íbàdàn, ibi ni ì bá máa jẹ́ ṣáá. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òjò dídì wà nínú fóònù ará Ìbàdàn báyìí, nínú fọ́tò tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Kánádà. Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní ń gbé: ẹni tó ń retí físà, tó lá òjò dídì, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló rí. Kì í ṣe pé físà ti jáde o. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ san owó kóun tó túmọ̀ rẹ̀, láì bèèrè ohunkóhun nípa yín, ẹ yáa di àpò yín mú.