Ibi Kan Náà Ni Pẹnisílìnì Ti Máa Ń Já

Ẹ kú ìjókòó o. Àsọyé tí mo ṣe lórí bá a ṣe ń wọn pẹnisílìnì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ nìkan ni mo gé kúrò. Nọ́ńbà méjì ni kẹ́ ẹ bá mi dì mú: 160 àti 18.

Mass spectrometer, òṣùwọ̀n ni, ìwọ̀n mólékù, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ nínú nǹkan, ló ń sọ fún èèyàn. Àmọ́ mólékù náà gbọ́dọ̀ ní chájì, ìyẹn agbára iná mànàmáná, lára, bí ò bá ní, ẹ̀rọ ò rí i rárá. Nígbà kan, àfi kéèyàn mú nǹkan náà gbóná títí á fi di gáàsì, ọ̀pọ̀ antibiotic á sì ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ọ̀nà tí onímọ̀ kẹ́místrì kan, John Fenn, gbé jáde ló tú wa sílẹ̀: omi tí wọ́n po oògùn mọ́, wọ́n á fi iná mànàmáná fọ́n ọn jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí ìrì, omi á gbẹ, mólékù á kù ní odindi pẹ̀lú chájì ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gba Nobel lọ́dún 2002 torí irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹnisílìnì G, irú pẹnisílìnì kan. 334 ni ìwọ̀n ẹ̀, hydrogen kan tó gbé chájì wá á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ á kọ 335. Ṣé a ti wá mọ bí wọ́n ṣe tò ó? Rárá o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́místrì ń jiyàn lórí bí pẹnisílìnì ṣe rí, àwòrán méjì tí wọ́n sì ń jà lé lórí yẹn, átọ́ọ̀mù kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìwọ̀n wọn ò yàtọ̀. X-ray ni onímọ̀ kẹ́místrì kan, Dorothy Hodgkin, fi parí ẹ̀ lọ́dún 1945. Torí náà ẹni tó bá sọ pé ìwọ̀n lásán ti tó, mi ò bá a gbà.

Ṣe la máa ń fọ́ ọ. A máa ní kó sáré kọ lu gáàsì, á já, a wá wọn àwọn ègé ẹ̀: 160 àti 176. Ẹnì kan nawọ́, ó ní 160 pẹ̀lú 176, ṣebí 336 ni, kí ló dé tí kì í ṣe 335? Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Mólékù kan ṣoṣo kọ́ ló bí méjèèjì. Ọ̀kan já, ègé tó gbé chájì lọ jẹ́ 160, èkejì tó jẹ́ 175 ò ní chájì, ẹ̀rọ ò rí i. Òmíì já, chájì bá 176 lọ, 159 ló wá ṣófo.

Ẹ wá wo ampicillin, irú pẹnisílìnì míì: 350 ni ẹ̀rọ máa kọ fún un. Ẹ fọ́ ọ, 160 tún jáde! 15 ló fi ju pẹnisílìnì G lọ, 160 ò sì yí padà, á jẹ́ pé ègé kejì ni wọ́n ti fi nǹkan kún un. Lóòótọ́ sì ni, wọ́n yọ hydrogen kan, wọ́n fi nitrogen kan àti hydrogen méjì rọ́pò ẹ̀ níbẹ̀.

Ibo ló ti wá ń já? Òrùka onígun mẹ́rin tí átọ́ọ̀mù ṣe láàárín pẹnisílìnì ni, wọ́n fún un pọ̀ jù, ara ò rọ̀ ọ́, nǹkan díẹ̀ báyìí á ti já a. Òun náà ló ń ṣí tó fi ń lẹ̀ mọ́ ènsáìmù tí bakitéríà fi ń mọ ògiri ara ẹ̀, òun náà sì ni bakitéríà olórí kunkun máa ń fi omi gé kí oògùn má lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwọ̀n omi jẹ́ 18. Torí náà ẹ da pẹnisílìnì G pọ̀ mọ́ bakitéríà, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ: tí 335 bá ń wálẹ̀ tí 353 ń gòkè, wọ́n ti ń gé e nìyẹn. Tí 335 ò bá sì kúrò lójú kan, ẹ má tíì yọ̀ o, torí àwọn bakitéríà kan wà tí wọn ò ní fọwọ́ kan oògùn náà rárá, ènsáìmù tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ni wọ́n máa pààrọ̀, òṣùwọ̀n tá a sì gbé lé pẹnisílìnì nìkan ò lè rí ìyẹn.