Ẹ Má Gé Okùn Náà Lóru

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:13-44

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ àwọn kan láti àná: àwọn tó ti gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wọn, tó jẹ́ pé tí ẹnikẹ́ni bá tún ní "á dáa," omijé ló ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Lúùkù wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù lọ, èyí tí ìjì bá lójú òkun, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa. Ó ní oòrùn ò yọ, ìràwọ̀ ò yọ fún ọjọ́ púpọ̀, gbogbo ìrètí àtilà sì ti pin. Oòrùn àti ìràwọ̀ yìí ni atukọ̀ ayé ìgbà náà fi ń mọ ọ̀nà o! Wọn ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Wọ́n ti da ẹrù sómi, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn ju ohun èlò ọkọ̀ nù. Ẹni tó ti ń ta ohun ìní rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rọ́jú mí, ó yé e.

Lóru ọjọ́ kan, áńgẹ́lì dúró ti Pọ́ọ̀lù pé, "Má bẹ̀rù," ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀mí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ kò ní ṣòfò. Ṣé ìjì wá rọlẹ̀? Rárá o. Ìlérí ti dé, afẹ́fẹ́ ṣì ń jà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ní òru kẹrìnlá, wọ́n wọn omi, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ti ń súnmọ́. Wọ́n bá ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ ní ìdí ọkọ̀, wọ́n ń retí ojúmọ́. Ohun tí agbára wọn ká kò ju kí ọkọ̀ má sún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ará mi, ìgbàgbọ́ ni ìyẹn náà. Bí orin ò bá jáde lẹ́nu yín lónìí, "Jésù, mi ò lọ síbì kankan" tó àdúrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Pọ́ọ̀lù mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn, ó sì jẹ ẹ́. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa jẹun.) Ìgbà tí ojúmọ́ mọ́ tán ni wọ́n tó gé okùn ìdákọ̀ró.

Ọkọ̀ fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn 276 ló gúnlẹ̀ sí erékùṣù Mẹ́lítà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ tó o mú wa rí òwúrọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ò sùn, a kàn dùbúlẹ̀ ni.

Olúwa, Ìwọ tí áńgẹ́lì rẹ mọ̀nà dé àárín ìjì, wá bá ẹni tó ń sunkún létí ibùsùn. Wá bá ìyá tó jókòó ti ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wá bá bàbá tí kò mọ ohun tí yóò sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ìgbàgbọ́ wọn yẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, okùn ìgbàgbọ́ yín kò ní já. Kò ní já lóru, kò ní já lọ́sàn-án. Ohùn tó ń sọ fún yín pé ikú sàn ju ìyè lọ, Olúwa yóò pa á lẹ́nu mọ́!

Ìjì tó bo oòrùn mọ́ yín lójú, Ọlọ́run yóò bá a wí. Ohun tẹ́ ẹ jù sómi kẹ́ ẹ lè yè, Olúwa yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Bẹ́ ẹ ṣe pé wọkọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe pé gúnlẹ̀. Bó jẹ́ pé ẹ ó wẹ̀ ni, ẹ ó dé. Bó jẹ́ pákó lẹ dì mú, ẹ ó dé. Bó jẹ́ àfọ́kù lásán ló ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, lágbára Ọlọ́run, ẹ ó dé, ẹ ó dé, ẹ ó dé láàyè!

Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.